Ẹ̀rín Tí Kò Dé Ojú

Iṣẹ́ obìnrin olùwádìí kan ni kó máa yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, àwọn tó fọwọ́ sí i nígbà ayé wọn pé kí wọ́n fi tàwọn ṣe ìwádìí. Yàrá rẹ̀ há: tábìlì, kọ̀ǹpútà, àti fìríìjì kan tó ń kùn láìsinmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, opó télọ̀ kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n fi bá ọkọ rẹ̀ fínra. Ó ní wọ́n ti fún òun láyè láti wá wo ọpọlọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún ìwádìí.

Olùwádìí fún un níjòókòó, ó sì fi àwòrán ègé ọpọlọ náà hàn án lórí kọ̀ǹpútà, tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà, tí àmì aláwọ̀ ewé kún inú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọpọlọ máa ń ránṣẹ́. Èròjà kan ni ìránṣẹ́, àwọn àmì yẹn sì ni ibi tó ń jẹ́ iṣẹ́ sí. Nínú ti bàbá, ìránṣẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tó yẹ kó gbà á ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá wá sọ ohun tó gbé e wá. Aláwàdà ni ọkọ òun. Á pa oníbàárà lẹ́rìn-ín títí wọn á fi gbàgbé pé aṣọ wọn ò tíì parí. Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ le bíi pátákó. Níbi ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn, kò fi eyín hàn rárá. Ọmọ náà gbà pé bàbá ò fẹ́ ọkọ òun ni, ó sì yàn án lódì títí bàbá fi kú.

"Ọmọ mi, ṣé inú ló ń bí i sí wa?"

Olùwádìí ronú. Kò fẹ́ purọ́ fún àgbà.

"Mà, ẹ̀rọ yìí ò lè fi ìfẹ́ tàbí ìbínú hàn mí. Ṣùgbọ́n àìsàn yẹn máa ń mú ojú le. Inú èèyàn lè dùn kí iṣẹ́ ẹ̀rín má dé ojú. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti bàbá ò sí lójú mọ́."

Ìyá fi etí ìborùn nu omijé. Ó bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọmọ òun kì í gba tòun gbọ́, àfi ohun tó bá wà nínú ìwé. Olùwádìí kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ náà pè é lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bèèrè ohun tí ìyá rẹ̀ bèèrè, ẹ̀ẹ̀mejì ni olùwádìí sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá òun lè wá wo bàbá òun. Olùwádìí ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ náà ní òun àti ọkọ òun làwọn jọ ń bọ̀.