Ìwé Ìbò Alhaji Mọ́rúfù

Bí lẹ́tà ìjọba bá dé bá ọmọ Yorùbá ní Billstedt, àdúgbò kan ní Hamburg, tí Jámánì inú rẹ̀ sì le ju eegun lọ, ṣọ́ọ̀bù Oyèníkẹ́ ló máa ń gbé e lọ. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ni obìnrin náà ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin U2, àmọ́ lẹ́tà kíkà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò ní Hamburg. Á wọ awò ojú, á sáré wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì sọ ohun tí ẹni tó ni ín máa ṣe: "Ẹ lọ fọwọ́ sí i." "Ẹ má dá wọn lóhùn." Kì í ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, àwọn náà kì í bi í. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ èdè lọ́yà nígbà tí ìrẹsì ń jó nílé?

Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé àwọn tó ti di ọmọ ìlú Jámánì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n kó o wá. Briefwahl ni wọ́n ń pè é: wàá jókòó sílé rẹ, wàá fi àmì sí Ja, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Nein, ìyẹn bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá fọwọ́ síwèé pé ìwọ fúnra rẹ lo ṣe é, wàá sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Èèyàn mọ́kànlá ló fi tiwọn sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ síbi tó tọ́ka sí, wọ́n ní kó bá àwọn ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n ra ata, wọ́n lọ. Oyèníkẹ́ ka ìbéèrè ọ̀hún: ṣé kí ìjọba kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ kan tó wà létí omi ní àdúgbò Veddel? Ilé kẹ̀! Ó rántí Fàúsátù oníbàárà rẹ̀, tó ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ja ló fi sí gbogbo rẹ̀. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ìwé ọmọ ìlú tirẹ̀ ò tíì jáde, kò dìbò rí nílùú yìí, àfi bí mọ́kànlá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nínú mọ́kànlá náà, ti Alhaji Mọ́rúfù ló kọ́kọ́ dé, òun náà ló sì kọ́kọ́ jù sínú àpótí lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì. Mẹ́wàá tó kù wà nínú báàgì rẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Adéṣọlá wá ṣe ìpàdé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ilé ìtajà ńlá Billstedt. Hamburg ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó ti di aṣòfin báyìí ní Bürgerschaft, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló sì máa ń wá jíhìn fún àwọn tó dìbò fún un. Oyèníkẹ́ ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀, ó fẹ̀ sórí àga bí ìyá ìyàwó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

Òfin tuntun ni Adéṣọlá fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà lórí oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé ìwé, òmíràn wà lórí àwọn onílé tó ń fowó kún owó ilé láìsọ ìdí. Àwọn èèyàn ń yán. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan Volksentscheid, ìbò tí ará ìlú fúnra wọn fi ń pinnu ọ̀rọ̀, ni ojú tó là.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, Yorùbá rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun, "ẹgbẹ́ òṣèlú mi ń sọ pé Ja. But mi ò wá pàṣẹ fún yín. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n máa ní láti kó kúrò. Kí kálukú rò ó fúnra ẹ̀."

Alhaji Mọ́rúfù dìde. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní ọgbà kan ní Veddel tó ti ń kó mọ́tò àti ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. "Ilẹ̀ wo? Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn afárá, níbi tí kọ̀ntéénà mi wà?"

"Ibẹ̀ náà ni, bàbá."

"Háà! Nein ni tèmi o! Nein gbọingbọin!" Ó yíjú sí iwájú. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ Oyèníkẹ́ ni ìwé mi wà. Ó mọ̀ mí, ó mọ ibi tí mo ti ń jẹun. Àbí mo purọ́, Oyèníkẹ́? Nein ló máa bá mi fi sí i, àbí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn wojú rẹ̀. Oyèníkẹ́ fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bi mí ìdí. Ẹ̀rù ló mi orí ọ̀hún, kì í ṣe òun.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni màá wá gbà á," Alhaji ní. "Kí n fi ojú ara mi rí i."

Adéṣọlá ti ń fajú ro. "Ẹ jọ̀ọ́, one thing. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ bá yín fi àmì sí i, àfi tẹ́ ẹ bá sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Wọ́n lè gbé èèyàn lọ sí kóòtù."

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti di ti adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Oyèníkẹ́ délé, kò lè jókòó. Ó se ẹ̀wà, ó gbàgbé iyọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó rìn lọ síbi àpótí lẹ́tà náà, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ka aago tí wọ́n máa ń wá kó o, ó padà sílé. Nígbà tó yá, ó tún lọ. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, ó ń wí fún ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tù ú nínú. Èṣù àárín ọkàn sì ń bá a sọ̀rọ̀ pé: ìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Sọ fún Alhaji pé o ti fi ránṣẹ́, pé Nein lo fi sí i. Ta ló máa tú u wò? Títí ayé, ta ló máa mọ̀?

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Adéṣọlá ti lọ sí ìpàdé àwọn aṣòfin ní Berlin, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé sọ lórí fóònù. Oyèníkẹ́ ránṣẹ́ sí i pé òun ń bọ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ báàgì náà mú ṣinṣin títí wọ́n fi dé. Ìgbà tó bá rí ẹni tó wọ aṣọ oníṣẹ́ ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ á já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Adéṣọlá sáré wá bá a nídìí ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí ní Hauptbahnhof, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá Berlin. "Àǹtí, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ ìwé ìbò Alhaji ni."

Ọmọ náà na ọwọ́ sókè kíá. "Ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún mi, mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́. Aṣòfin ni mí. Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó lanu."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn. Oyèníkẹ́ lè ní kò sí nǹkan, kó jẹ búrẹ́dì, kó padà sílé. Ó rántí bí orí rẹ̀ ṣe dáhùn nínú gbọ̀ngàn.

"Mo fi Ja sí i," ó ní. "Mo ti fi ránṣẹ́. Mẹ́wàá mìíràn nìyí."

Adéṣọlá jókòó. Ì bá sàn kó pariwo. "Ṣé torí èmi lẹ ṣe ṣe é?"

"Torí ilé ni. Torí ẹ náà ni." Omi lé sójú rẹ̀. "Torí pé ó dùn mọ́ mi ni, Ṣọlá."

Adéṣọlá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kó dá mẹ́wàá náà padà fún àwọn tó ni ín. Wọ́n á mú un lọ síbi ìdìbò, wọ́n á gba tuntun. "Ti Alhaji ti lọ. Ẹ sọ fún un lónìí. Lọ́la, aago mẹ́sàn-án, ẹ lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì ìdìbò fúnra yín. Tẹ́ ò bá lọ, èmi á pè wọ́n."

"Wàá fà mí lé wọn lọ́wọ́? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí." Ọmọ náà ti ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n pè wọ́n."

Kò tíì tó aago mẹ́rin tí Oyèníkẹ́ fi dé Veddel. Alhaji Mọ́rúfù ń so okùn mọ́ àwọn àgbá ẹrù nínú ọgbà rẹ̀. Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọgbà mọ́tò yẹn, pẹ̀lú epo tó dà sí i, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìmí, títí dórí ìwé mẹ́wàá tó máa dá padà àti ọ́fíìsì ìdìbò tó máa lọ lọ́la.

Ọkùnrin náà fi okùn sílẹ̀. Ó wo àwọn kọ̀ntéénà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi ni mo ní kó o ṣe é bó ṣe yẹ," ó ní. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ lójú gbogbo èèyàn, Oyèníkẹ́. O fi orí dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn dùn mí ju ti ìbò lọ."

"Ẹ foríjì mí, Alhaji."

Ọkùnrin náà wọ inú kọ̀ntéénà tó fi ṣe ọ́fíìsì lọ. Oyèníkẹ́ dúró, kò mọ̀ bóyá kó máa lọ ni. Nígbà tí Alhaji jáde, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó dé láàárọ̀, kò tíì já a. Ó na ọwọ́ bó ṣe máa ń nà án láti ọdún pípẹ́ wá, ọwọ́ náà sì dúró lágbede méjì. Ó pẹ́ kó tó na ìyókù.

"Kà á fún mi," ó ní. "Kíkà nìkan."

Oyèníkẹ́ wọ awò ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá: orúkọ òpópónà, ọjọ́, nọ́ńbà fáìlì. Ó kà á ní Jámánì, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ìlà dé ìlà. Bó bá dé ibi tó máa ń fò, Alhaji á gbé ojú sókè, òun náà á sì padà kà á. Ó kà á dé orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó yẹ kí Alhaji ṣe sí i ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó ká ìwé náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un.