Orin Meaig Choilm

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Conamara, létí òkun, orin ní ẹni tó ni ín, bí ilé ṣe ní onílé. Kì í ṣe dandan pé ẹni náà ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kọ ọ́ fún ọdún pípẹ́, tí gbogbo ojúlé sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, orin ọ̀hún ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá wà nínú yàrá, o kò gbọdọ̀ la ẹnu lé e, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí o kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá sì ti kọ orin kan nínú ilé kan lónìí, a kì í tún un kọ níbẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Kò sí ẹni tó kọ èyí sílẹ̀ fún wa. A bá a nílé ni. Èmi náà bá a nílé, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Meaig Choilm ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, níbi tí ọ̀nà parí sí létí omi. Orin tirẹ̀ ni orin àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó wa ọkọ̀ lọ kó koríko òkun ní Ros Dubh, tí ọkọ̀ náà padà wá sí èbúté láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà. Ó dúró létí omi, ó ń bá ọkọ̀ wí.

Láti ìgbà tí Máirtín ọkọ rẹ̀ ti kú, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Meaig kò kọrin mọ́, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù tó kọjá, tí mo máa ń gbé búrẹ́dì lọ fún un láti ọ̀dọ̀ Màmá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní orin yìí. Kò gbé ohùn sókè. Ṣe ló ń sọ ọ́ fún mi, ẹsẹ kan lọ́sẹ̀ kan, bí ó ti ń bó ọ̀dùnkún.

“Mò ń kọ́ ẹ kó má bàa bá mi wọ ilẹ̀ ni,” ó wí. “Àmọ́ mi ò tíì wọ ilẹ̀ o.”

“Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ilẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ni. Àràárọ̀ ló ń sọ ọ́.”

Ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ ni ọdún orin wa máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Gaeilge, èdè ìbílẹ̀ wa, ni ohun gbogbo: àwọn olórin, ẹni tó ń pè wọ́n jáde, ẹni tó ń ta ọ̀dùnkún díndín lẹ́nu géètì, ẹni tó ń júwe ibi tí èèyàn máa gbé mọ́tò sí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé gìtá àti àgọ́ wá láti Dublin, wọn a sì máa fi ìṣọ́ra sọ èdè tí àwa fi ń lé adìyẹ nílé, bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn, ni àwọn tó ń fi ohùn nìkan kọrin máa ń kọ tiwọn. Féilim, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí ìyẹn. Ọdún mẹ́rin ló fi bẹ Meaig. Lọ́dún yìí ó gbà. Orin kan ṣoṣo, ó ní. Bí òun bá ti kọ ọ́, òun ń lọ sílé. Gbogbo wa mọ orin tí yóò jẹ́. Ó lọ ṣe irun ní ìlú Gaillimh. Ó yọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ aró tó wọ̀ níbi ìsìnkú Máirtín, ó sá a sí oòrùn lórí ògiri òkúta. Wọ́n ní rédíò ń bọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan ni wọ́n ń sọ.

Orúkọ tèmi náà wà nínú ètò. Èmi ni ẹnì kẹta, Meaig ni ẹnì karùn-ún. Mo ti sọ fún Féilim pé orin ilé-ìwé kan ni n ó kọ, orin ọmọge tí bàtà rẹ̀ sọnù lọ́jà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mò ń to àga, mò ń kùn orin Meaig sẹ́nu láìfura. Ẹnìkan dúró lẹ́yìn mi. Fiachra ni, ẹni tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ olórin kan láti Dublin. Mo ti ń wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù láti oṣù kẹta. Nínú ọkàn mi, mo ti bá a rìn létí òkun débi pé bàtà mi ti jẹ.

“Dúró ná,” ó wí. “Orin wo nìyẹn?”

“Orin ibí ni.”

“Ta ló ni ín?”

Ó yẹ kí n sọ pé Meaig Choilm ló ni ín. Kò ní gbà ju èémí kan lọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Ti ilé wa ni.”

“Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Òun lo máa kọ lọ́la, àbí?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

“Kọ ọ́, jọ̀ọ́. Iwájú ni màá jókòó sí. Tó o bá gbà fún wa, ẹgbẹ́ wa á máa kọ ọ́, a ó sì máa dárúkọ ẹ níbi gbogbo tá a bá dé. Labhaoise, àbí?”

“Labhaoise ni.”

Títí mo fi délé, orúkọ mi ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, níwájú èrò, ní àwọn ìlú tí n kò dé rí.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sórí fèrèsé. Àga kan wà níwájú tí Féilim lẹ ìwé mọ́, tó kọ orúkọ Meaig sí. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kejì ń kọrin lọ́wọ́, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, “Ẹsẹ̀ Meaig tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó má lè wá.”

Inú mi dùn. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn.

Féilim pè mí. Fiachra wà níwájú lóòótọ́, ó na fóònù sókè. Mo wo àga tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ni orin kò sí nínú yàrá. Mo di ojú, mo bẹ̀rẹ̀ orin Ros Dubh.

Ẹsẹ àkọ́kọ́ dùn lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé ó dùn. Ara gbọ̀ngàn rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo dé ẹsẹ kẹta, ọwọ́ kan sì di ọwọ́ ọ̀tún mi mú.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí orin bá wúwo, ẹnìkan lè dìde kó lọ di ọwọ́ akọrin mú, kó máa yí i jẹ́jẹ́ bí ìgbì ṣe ń yí ọkọ̀ kékeré létí omi. Ìrànlọ́wọ́ ni. Mo rò pé Fiachra ni. Mo fún ọwọ́ náà mọ́ra. Ìgbà náà ni mo mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ yìí le, ó tutù, òrùka kan sì wà níbẹ̀ tó ti tóbi ju ìka lọ, tí wọ́n fi òwú wé kó má bàa bọ́.

Mo la ojú. Meaig ni. Òjò ń kán láti ara ẹ̀wù aláwọ̀ aró náà sílẹ̀. Irun tó lọ ṣe ní Gaillimh ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń ti akọrin lẹ́yìn ṣe máa ń ṣe.

A kì í gé orin láàárín. Ó ku ẹsẹ mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó bá mi yí ọwọ́ náà fún gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan pòórá mọ́ mi lẹ́nu ní ẹsẹ karùn-ún, ètè rẹ̀ ló fi í fún mi.

Àwọn èèyàn wa máa ń dá sí orin: wọ́n á ní o káre, wọ́n á ní ẹnu ẹ má gbẹ. Lọ́jọ́ yìí kò sí ẹni tó fọhùn. Nígbà tí mo parí, ẹnìkan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́, Fiachra. Ó wo ẹ̀yìn, ó dáwọ́ dúró.

Féilim kò tilẹ̀ pe ẹnì kẹrin. Ó wá sí ọ̀dọ̀ Meaig, ìdààmú hàn lójú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Meaig. Ẹ bọ́ síwájú.”

“Wọ́n ti kọ ọ́ nílé yìí lónìí, Féilim.”

“Ẹ kọ òmíràn. Èyí tó bá ti wù yín.”

“Òun nìkan ni mo mú wá,” ó wí. Ó wá wò mí. “O kọ ọ́ dáadáa.”

Ó rọra gba àárín èrò kọjá, ó ń tiro. Ẹnìkan fẹ́ fi mọ́tò gbé e, ó ní òun ti mọ ọ̀nà. Àwọn ará rédíò ń ká wáyà wọn. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí. Níkẹyìn mo fi í sí ara àga tó ṣófo náà, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà.

Màmá mi kò pariwo. Ó dúró nídìí iná, ó ń ro ọbẹ̀.

“Labhaoise.”

“Mà.”

“Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn ni wọ́n fi rìn wá nínú òjò.”

“Mo rò pé wọn ò ní lè wá ni.”

“O rò ó ni, àbí o gbàdúrà ẹ̀?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́ sórí tábìlì.

“Kí lo ní o máa kọ tẹ́lẹ̀?”

“Orin bàtà.”

“Bàtà ọ̀hún sọnù lóòótọ́,” ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé Meaig. Ó wà nídìí tábìlì. Ẹ̀wù rẹ̀ wà lórí okùn lókè iná, kò tíì gbẹ tán. Ó ní kí n jókòó. Ó bu tíì fún ara rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò tíì padà sídìí iná. Ife kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọlọ́pàá tó wá mú èèyàn pàápàá á kọ́kọ́ mu tíì kó tó mú un lọ.

“Màmá, ẹ dákun.”

“Kí lo ṣe?”

“Mo kọ orin yín.”

“Wọ́n ṣáà ń kọ orin ni. Ọmọdé á fẹ́ gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Èmi náà ti ṣe ọmọdé rí.” Ó mu tíì díẹ̀. “Ọmọkùnrin tó ń fi fóònù gba ohùn ẹ yẹn, ta lo sọ fún un pé ó ni orin?”

Ológbò rẹ̀ wò mí láti ojú fèrèsé.

“Ìwọ ni mò ń bi.”

“Mo ní ti ilé wa ni.”

Ó gbé ife sílẹ̀. “Obìnrin tó dá orin yẹn sílẹ̀, àbúrò bàbá-bàbá mi ni. Mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bá omi lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èwo ló bá omi lọ nílé tiyín?”

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta.

Wọ́n ti ń tú àgọ́ palẹ̀ nínú pápá. Fiachra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó gìtá sínú bọ́ọ̀sì kékeré wọn. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ pè é sí kọ̀rọ̀. Mo rántí pé kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ ni mo ti kọ ọ́.

“Orin yẹn kì í ṣe ti ilé wa,” mo wí, kí gbogbo wọn lè gbọ́. “Màmá tó di ọwọ́ mi mú ló ni ín. Òun ni wọ́n fẹ́ kọ lánàá.”

“O sọ fún mi pé ti ilé yín ni.”

“Irọ́ ni mo pa.”

“Kí ló dé?”

“Kó o lè máa wò mí ni.”

Ọmọbìnrin tó ń lu ìlù fún wọn bú sẹ́rìn-ín, ó wá yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Etí mi gbóná bí ẹni pé wọ́n yan án.

“Mo ti mọ ẹsẹ àkọ́kọ́,” Fiachra wí.

“Jọ̀ọ́, pa ohùn mi tó o gbà sórí fóònù rẹ́.”

Ó pa á rẹ́. Ó na fóònù sí mi kí n fi ojú ara mi rí i. Ó wá ní ó dàbọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó ta ọ̀dùnkún díndín fún un.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Meaig, ife kejì wà lórí tábìlì.

“O ti sọ fún un?”

“Mo ti sọ.”

“Níṣojú ta?”

“Níṣojú gbogbo wọn.”

Ó bu tíì sínú ife náà. “O sáré jù ní ẹsẹ kẹta.”

“Mà?”

“Ọkọ̀ ò tíì gúnlẹ̀, o ti ń bá a wí. Kọ́kọ́ jẹ́ kó gúnlẹ̀ ná.”

Ó yí àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà kọ́kọ́ há, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó là. Mo ti rò pé mo mọ orin yìí. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, ó dúró, mo sì rí ọkọ̀ náà bó ṣe ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń tù ú.

Láìwẹ̀yìn, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

Mo wo ọwọ́ náà, òrùka tí wọ́n fi òwú wé. Féilim tó bẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́rin kò sí níbẹ̀. Rédíò kò sí níbẹ̀. Àwọn tó jókòó sórí fèrèsé kò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ni, èmi àti ológbò. Mo dì í mú, mo ń yí i, ojú sì ń tì mí títí ẹsẹ kẹfà fi parí.

“Màmá,” mo wí, “ṣé ẹ ó kọ ọ́ fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀?”

Ó ń wo ìta, níbi tí àwọn àgọ́ ti ń wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mu tíì ẹ,” ó wí.

Tíì náà ti tutù. Mo mu ún tán.