Ta Ló Pààrọ̀ Aṣọ Màmá?

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ni ara ti ń fu aṣọ́bodè náà sí gbogbo ará àdúgbò. Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ara a máa fu ú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu títú àpótí àwọn arìnrìn-àjò wò, tó ń fi ẹ̀rín ẹnu lásán dá ẹni tó kó ẹrù fàyàwọ́ mọ̀, kò lè wọlé ìyá rẹ̀ kó wá bọ́ ìfura sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Wọ́n ń kí i jù. Wọ́n ń béèrè ìgbà tó máa jáde, wọ́n tún ń béèrè ìgbà tó máa dé. Bó bá sì yọ sí wọn lójijì, ọ̀rọ̀ á pa rẹ́ lẹ́nu wọn.

Ìrépé aṣọ ni ìyá rẹ̀ fi dárà títí tó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò sí ilé tí kò wọ̀ rí láti tọrọ aṣọ tó ti gbó, ìbáà jẹ́ kọ́tìnì tàbí ṣòkòtò iṣẹ́ tí orúnkún rẹ̀ ti já. Á gé wọn, á tò wọ́n, á fi wọ́n rán aṣọ ìbora tó jẹ́ pé ẹni tó ni ṣòkòtò gan-an kò ní dá a mọ̀ mọ́. Ẹni tó bímọ gbà, ẹni tó ti ọsibítù dé gbà. Bí ẹni méjì bá ń bára wọn yan odì, màmá á fi ọ̀kan sí etí aṣọ lápá ọ̀tún, á fi ìkejì sápá òsì, á fún kálukú lábẹ́rẹ́, á ní kí wọ́n máa rán an bọ̀ títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Kí wọ́n tó pàdé, ẹ̀rín á ti sọ. Báyìí ni tọkùnrin tobìnrin àdúgbò ṣe di ẹni tó mọ aṣọ rán.

Lọ́la ni wọ́n fẹ́ péjọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò láti ṣe ìrántí rẹ̀, aṣọ ìbora tó rán kẹ́yìn ni wọ́n sì fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti aṣọ́bodè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ yìí kò bìkítà fún ilé, kò bìkítà fún àga. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó kẹ́yìn láyé ló fẹ́ mú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì lánàá, ó tẹjú mọ́ ọn. Rírán ọ̀hún wọ́. Òwú fún níbì kan, ó dẹ̀ níbòmíràn. Èyí kì í ṣe ọwọ́ màmá! Wọ́n ti jí ojúlówó gbé, wọ́n sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó tún máa fi di àárọ̀ òní, apá kan lára ohun tó wọ́ lánàá ti gún. Bẹ́ẹ̀ ìdajì àdúgbò ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà, màmá ló pín in fún wọn.

Lọ́sàn-án, ó kígbe lẹ́nu ọ̀nà pé òun ń lọ gba fọ́tò màmá lọ́dọ̀ ayàwòrán. Ó rìn dé kọ̀rọ̀, ó yà, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn nínú yàrá ìránṣọ.

"Ẹ yára tú etí ibẹ̀ yẹn, kó tó dé."

Ó já wọlé gìrì. Bàbá Ṣúmékà tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta di aṣọ náà mú. Màmá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò tí ògiri wọn jọ kan ara, mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

"Ọwọ́ mi tẹ̀ yín lónìí! Níbo lẹ gbé aṣọ ìyá mi sí?"

"Òun nìyí," ni Bàbá Ṣúmékà wí.

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe ọmọdé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló rán èyí. Ẹ dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ rí ọwọ́ màmá mi gan-an."

Ó sáré fa aṣọ ìbora tirẹ̀ yọ nínú báàgì, èyí tí màmá fi ránṣẹ́ sí i nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí kì í fi sílẹ̀ níbikíbi tó bá ń sùn. Ó nà án sí wọn lójú. "Ẹ wo bó ṣe gún!"

Bàbá Ṣúmékà ń wo òrùlé.

"Àbúrò," ni Màmá Oníbúrẹ́dì wí, "etí tó o dì mú yẹn, èmi ni mo rán an. Bàbá ló rán àárín. Òwú bàtà ló tiẹ̀ fẹ́ lò, àfìgbà tí mo bá a jà."

"Kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ó tó ọdún mẹ́rin tí ojú màmá ti lọ."

"Irọ́ ni! Ọdọọdún ni mò ń wá. Ṣebí ó máa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, tá ní mo ti rù?"

"Ọwọ́ ló fi ń wò ọ́," ni Bàbá wí. "Ó ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó o gbọ́, pé o máa fiṣẹ́ sílẹ̀ torí òun. Bó bá rán an tán tó sùn lọ́sàn-án, a óò yọ́ wọlé, a óò tú u, a óò tún un rán. A ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín. Èyí náà la fẹ́ parí kó tó di ọ̀la."

"Ṣé òun náà mọ̀?"

"Ó mọ̀ kẹ̀!" ni Bàbá wí. "Á fọwọ́ pa ibi tí mo rán, á ní, 'Háà, mo mà ń mọ̀ ọ́n rán sí i o!'"

Aṣọ́bodè náà jókòó. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú wọn. Ó ń rí ohun tí àlejò fi pamọ́ sábẹ́ àpótí, kò sì rí i pé ìyá òun kò rí òun.

"Nínú tèmi yìí, kò wá sí ibì kankan tó jẹ́ tirẹ̀?"

"Ó ku ẹyọ kan." Bàbá Ṣúmékà gba aṣọ náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìrépé pupa yìí. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, 'Ti ọmọ mi nìyẹn, bó wọ́, kó wọ́ lọ.'" Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ìrépé pupa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n rírán rẹ̀ gún gbọọrọ. "Ta ló tú u?"

Lọ́sẹ̀ tí aṣọ náà dé ni aṣọ́bodè ti rí ibi tó wọ́ yẹn, inú sì bí i. Ó ní ìyá òun kò lè rán irú èyí láéláé, ọmọ iṣẹ́ kan ló ba aṣọ jẹ́. Ó gbé e lọ fún télọ̀ òpópónà rẹ̀, ìyẹn tú u, ó sì rán an kó gún.

"Èmi ni," ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Màmá Oníbúrẹ́dì fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Aṣọ́bodè gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sórí àga, ó jókòó lé e.

"Níbo lẹ ò tíì tú?"

Bàbá Ṣúmékà tọ́ka sí i. Ìlà kan péré ni, nísàlẹ̀ pátápátá, òwú rẹ̀ wọ́ lọ, ó wọ́ bọ̀.

"Bó ṣe wà yẹn la máa gbé e kọ́ lọ́la," ni aṣọ́bodè wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."