Ẹyin Tí Màmá Wa Kò Jẹ́ Ká Jẹ

Àbúrò mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ọ kó tó fò lọ lórí mi. Ṣé o rántí pé nọ́ọ̀sì ní kí n máa jẹ ẹyin, píà àti ẹ̀wà elépo sí ebi tí kì í lọ yìí, torí ọ̀rá ló ń pẹ́ níkùn? Lójú àlá, mo wà nílé ìdáná màmá wa, ẹyin kan sì wà níwájú mi tó tóbi ju àmù lọ. Mo fi ọmọ odó fọ́ ọ, epo pupa ló ń tú jáde, ó mù mí dé orúnkún. Mo ń mu ún, ikùn mi sì ń dún bí agbè òfìfo. Ni màmá wa, tí wọ́n ti kú tipẹ́, bá yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa dà."

Mo ní, "Màmá, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ebi ń pa mí."

Wọ́n ní, "Bàbá yín ò tíì jẹ tiwọn."

Mo fẹ́ bi wọ́n pé àwa tí a kò jẹ ẹyin, kí la dà? Epo ti kún ẹnu mi.

Mo jí. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn mi, bí ọmọ tó fi ẹyin pamọ́.