Ilẹ̀kùn Tó Gba Ọta Mẹ́fà

Òòlù ki ìka bọ ihò àkọ́kọ́ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n fi ti ògiri ní ilé ìtajà ọkọ̀ kan. Ọta ìbọn ti dá irin òde lu, àmọ́ kò yọ sí inú.

"Mẹ́fà ni," olùtajà náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀. "Bàbá tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré báyìí. Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ọ̀nà wo làwọn ọmọ yín ń gbà lọ síléèwé?"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n Òòlù ló ń bi léèrè. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí ẹnìkan gbé ní àdúgbò kejì ni kò ti sùn dáadáa mọ́, olùtajà yìí sì ń pè é láràárọ̀ láti fi ìròyìn burúkú mìíràn jí i. Ilé tí wọ́n ń gbé ló fẹ́ tà báyìí, kó lè fi ra ọkọ̀ tí ọta kì í ràn. Ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, torí iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà. Òun ló bẹ Òòlù àbúrò rẹ̀ pé kó tẹ̀ lé ọkọ òun lọ.

"Ìwọ lo mọ ara mọ́tò," ló wí. "Bó bá jẹ́ irọ́, wàá mọ̀."

Ó lé lógún ọdún tí Òòlù ti ń na ara mọ́tò tó bá rún, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ara ti ń fu ú láti ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo etí ilẹ̀kùn níbi tó yẹ kó ti so mọ́ ọkọ̀. Ihò bóòtù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀dà etí wọn sì ń dán gbinrin. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ti fi bóòtù dè mọ́ ọkọ̀ rí, àpá sípánà kì í tán lára rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tún un kùn nígbà méje.

"Ara ọkọ̀ wo lẹ ti tú u?"

"Ó ti pẹ́." Olùtajà náà kò wo ojú rẹ̀. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọ̀gá mi."

Wọ́n ti padà sínú ọkọ̀ jálajàla Òòlù kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yẹn ò sí lára ọkọ̀ kankan rí. Wọ́n kàn gbé e kalẹ̀, wọ́n yìnbọn sí i ni. Kò sí bàbá kankan nínú ẹ̀."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "Àwọn tó ń jí èèyàn gbé ńkọ́, àbúrò? Ṣé àwọn náà ò sí ni?"

"Wọ́n wà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ta ilé, ibo lọkọ̀ ọ̀hún á máa gbé yín lọ?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé mi ò ta ilé mọ́."

Inú Òòlù dùn. Ó ń fi ìka lu ọwọ́ ìtọ́kọ̀ nígbà tí wọ́n dé oríta, tí ọlọ́kadà kan dúró tì wọ́n, tó sì ń wo inú ọkọ̀ wọn. Kí Òòlù tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́ọ̀kù náà kò wọlé. Ọlọ́kadà náà yà sí ọ̀tún, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún kẹrin rèé tí lọ́ọ̀kù yẹn ti bàjẹ́, kò sì rí ìdí tí òun fi máa tún un ṣe rí. Ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, òun á ti tún un ṣe.