Fífẹ̀yìn Rìn Dé Etí Òkun

"Má wo ilẹ̀! Ojú mi ni kó o máa wò!"

Títíladé ń fẹ̀yìn rìn lójú ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, òógùn sì ti bò ó. Rilwan, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń tẹ̀ lé e.

Lọ́la ni ọkọ̀ ojú omi ńlá kan yóò gúnlẹ̀ sí Èkó, àwọn èrò inú rẹ̀ yóò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo Àgbádárìgì. Rilwan ni yóò mú wọn gba ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n fi kó àwọn ẹrú lọ sétí òkun láyé àtijọ́. Wọ́n ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì bà á jẹ́. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn àlejò, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sì ni Rilwan. Kò lè kẹ̀yìn sí àgbà kó máa lọ níwájú. Ó ń yà fún wọn ṣáá ni, "Ẹ máa lọ níwájú, sà," títí wọ́n fi yà bàrá wọ oko àgbọn olóko. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa lọ sílé.

"Ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́ nílé," Títíladé wí. "Ìdí tí mo fi ń fẹ̀yìn rìn nìyẹn. O wà níwájú, o ò sì kẹ̀yìn sẹ́nì kankan. Ó yá, bọ́ síwájú."

Rilwan bọ́ síwájú. Kò rìn jìnnà tí gbòǹgbò fi gbé e ṣubú, ó fìdí jókòó gbì.

Mùsílímátù aládùúgbò wọn, tó ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín. "Rilwan! Ṣé akàn ni wọ́n fẹ́ sọ ẹ́ dà ni?"

"Akàn ò sọ àlejò nù rí," Títíladé dá a lóhùn. "Ro oko rẹ. Rilwan, dìde, ọjọ́ ń lọ."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Títíladé náà fi mú àlejò gba ọ̀nà òkun yẹn kí orúnkún tó dá a padà sílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé òkun. Ojú àwọn àlejò ló fi ń mọ̀ pé àwọn ti débẹ̀: àwàdà á tán lẹ́nu wọn, ẹlòmíì á di ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí mú. Òun náà á dákẹ́. Àárò ojú wọ̀nyẹn ń sọ ọ́ ju ti òkun lọ.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Rilwan ń fi gìgísẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí orúnkún Títíladé fà á, Rilwan rí i lójú rẹ̀, ó sì rọra. Ọ̀nà náà ṣẹ́ kọ́rọ́, oko àgbàdo là gbayawu níwájú Títíladé, atẹ́gùn ń rú u bí ìgbì òkun, ó ń gbé e nílẹ̀, títí lọ dé ibi tí ojú mọ.

Títíladé dúró. Látọjọ́ tó ti ń mú àlejò lọ, òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹ́ àlejò rí.

Rilwan ò bojú wẹ̀yìn. Ojú Títíladé ló ń wò. "Màmá, a ti débẹ̀," ó wí wẹ́lẹ́.

Títíladé nu ojú. "Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀? Dídákẹ́ ni wọ́n ń dákẹ́ níbẹ̀."

Rilwan dọ̀bálẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀. Ọ̀kadà tí yóò gbé e lọ wọ ọkọ̀ Èkó ti ń fọn fèrè. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ìdí ọ̀kadà náà, kò sì kọsẹ̀.