Ààwẹ̀ Kùkúmbà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo sanra. Mo sanra. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró lórí ẹsẹ̀ nídìí pátákó ìkọ̀wé ní Adó. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, tí èmi àti Bàbá Tóbi ọkọ mi kó padà sílé ní Ìdó-Ilé, mo jókòó. Mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó ti fóònù, mo jókòó ti iyán. Kó tó pé ọdún mẹ́rin, kò sí bùbá mi kan tí kò fún mi lápá. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀. Ohun tó dùn mí ni ọ̀rọ̀ àsíá.

Èmi ni Ìyá Ẹgbẹ́ fún Ẹgbẹ́ Ìyá nínú ìjọ wa. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ àjọ̀dún, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń tò gun òkè lọ síbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà kí wọ́n tó kọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àsíá ẹgbẹ́ rẹ̀, Ẹgbẹ́ Ìyá ló sì ń ṣíwájú. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá tó bí mi fi gbé e. Èmi, lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró lọ́nà kí n lè mí. Bí mo bá ti dúró, gbogbo èrò ẹ̀yìn mi a dúró, ẹgbẹ́ akọrin a sì tún bẹ̀rẹ̀ orin kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé òkè, àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé ti mọ orin náà sórí, gbogbo ẹsẹ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí Rachael, igbákejì mi, bá mi gbé àsíá lọ́dún yìí. Rachael ò sọ nǹkan kan létí mi o. Ṣùgbọ́n Rachael tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ kan, ó sì máa ń bi mí pé, "Ìyá Ẹgbẹ́, orúnkún ńkọ́?" lọ́nà kan tí inú mi kì í dùn sí. Mo búra nínú ara mi pé èmi ni màá gbé àsíá tí ìyá mi gbé dé òkè, àti pé mi ò ní dúró lọ́nà.

Àjọ̀dún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà tí mo bá Kóòṣì Adébùsọ́lá pàdé lórí fóònù. Ó ní òun á bá ènìyàn yọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Òfin rẹ̀ ò pọ̀: láàárọ̀, omi gbígbóná tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, lọ́sàn-án, kùkúmbà kan, nírọ̀lẹ́, omi atalẹ̀. Kò sí iṣu, kò sí ìrẹsì, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹyin, kò sí epo. Ó fi àwòrán obìnrin kan hàn tó sanra bíi tèmi, àti òmíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti Rachael, ó ní ẹnì kan náà ni. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má gba ohun tí wọn ò bá yẹ̀ wò gbọ́, mo gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Ní ìlú wa, ènìyàn ò kàn lè kọ oúnjẹ. Bí wọ́n bá gbé iyán fún ọ tí o ní o ò jẹ, wọ́n á máa bi ara wọn pé ta ló ṣẹ̀ ọ́. Bí o bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á rán àgbà wá bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ènìyàn níbẹ̀, ìyẹn ni ààwẹ̀. Bí o bá ti lè ní o ń gbààwẹ̀, kíá ni wọ́n á gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ, wọ́n á ní kí Olúwa gbọ́ àdúrà rẹ. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sátidé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ń gbààwẹ̀." Wọ́n bi mí pé ọjọ́ mélòó. Mo ní mọ́kànlélógún. Gbogbo wọn ń wo ojú mi tàánútàánú.

Bàbá Tóbi nìkan ló mọ òótọ́. Ó wo kùkúmbà tó wà níwájú mi, ó ní, "Ìyá Tóbi, àwọn baba wa ní iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ eléyìí." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, orí ń fọ́ mi. Mo bá ọkọ mi jà, mo bá aládùúgbò jà, mo bá ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé lẹ́yìnkùlé jà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gun ìwọ̀n, mo rí i pé kílò mẹ́ta ti lọ. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ jókòó kí n tó yọ̀, nítorí òòyì ń kọ́ mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, mò ń ka Bíbélì, mo kan ibi tí Ísọ̀ ti ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí ọbẹ̀, mo sì rí i pé Ísọ̀ ò jẹ̀bi rárá.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá. Bí mo ṣe wọ gbọ̀ngàn, mo rí i pé nǹkan ò rí bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀pà sísè àti àádùn tí a máa ń jẹ lẹ́yìn ìpàdé ò sí lórí tábìlì. Àwọn ìyá ti so ìborùn mọ́ ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà gidi, ó sì hàn lójú gbogbo wọn pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Rachael ló dìde.

"Ìyá Ẹgbẹ́," ó ní, "ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà tí a gbọ́ pé ẹ ti wọ ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, a mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn yín ò kéré. A ò bi yín ní ohun tó jẹ́. A kàn sọ pé a ò ní jẹ́ kí ẹ dá a gbé. Láti ọjọ́ Àìkú ni gbogbo wa ti ń bá yín gbà á. Agogo mẹ́ta là ń ṣínu."

Ojú tì mí. Obìnrin tí mo rò pé ó ń bá mi du àsíá ti ń fi ebi pa inú láti ọjọ́ Àìkú nítorí mi, kò sì mọ̀ pé nítorí òun gan-an ni mo ṣe wà nínú ebi.

Màmá Elizabeth ni wọ́n ní kó gbàdúrà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Màmá, òun ló dàgbà jù nínú wa, ojoojúmọ́ ló sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó dìde, ó dijú. "Olúwa," ó ní lóhùn Èkìtì rẹ̀, "ohun yòówù tó ń da ọmọ mi yìí láàmú, kí o bá mi gbé e kúrò ní ulé rẹ̀." Kò lè tẹ̀ síwájú. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di ẹ̀yìn àga mú. Tóyìn, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú wa, tó kéré jù nínú ẹgbẹ́, sáré gbá a mú, ó sì fi í jókòó.

"Màmá, ṣé ẹ jẹun kí ẹ tó lo oògùn yín láàárọ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹun," Màmá ní, ó nawọ́ sí mi, "nígbà tí Fúnkẹ́ ò tíì jẹun?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní, "Ẹ fún Màmá ní oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo yín lọ jẹun. Mi ò gbààwẹ̀ kankan. Mo fẹ́ rù ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: Kóòṣì, ọsàn wẹ́wẹ́, àsíá, ìtìjú ọdún tó kọjá. Nígbà tí mo dé orí kùkúmbà, mo gbọ́ ohun kan tó dà bí ikọ́. Rachael ni, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Kò rí i mú ṣe. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n rín in títí àwọn kan fi ń nu omijé. "Kùkúmbà," Rachael ní, "tí ọkọ mi ti ń bi mí pé àbí wọ́n ti ti Tóbi ọmọ yín mọ́lé ní òkè òkun ni." Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì tún ń sunkún díẹ̀.

Màmá Elizabeth ò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sáré lọ rà, ó lo oògùn rẹ̀, ó mu omi, ó nu ẹnu. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"Fúnkẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni ebi fi pa mí nítorí rẹ."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n èmi náà á fi ùyà díẹ̀ jẹ ọ́. Láti àárọ̀ ọ̀la, ìwọ lo máa bá mi lọ sóko, títí di ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn. Bí a bá délé, kí o jẹ uyán rẹ. Ùgbà wo ni uyán wá di ọ̀tá ọmọ Èkìtì?"

Tóyìn ní kí n gbọ́ tòun náà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó mi orí. "Mọ́mì, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ sọ nù yẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà, gbogbo rẹ̀ á padà, á sì mú ọ̀rẹ́ wá. Ẹ jẹ iyán, ṣùgbọ́n kó tó ìkúùkù yín, kó má tó orí yín. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kí epo má léfòó. Kí ẹ sì máa rìn." Mo bi í pé kílò mélòó ló máa lọ tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní díẹ̀. Mo bi í pé báwo ni díẹ̀ ṣe tó. Ó ní, "Mọ́mì, díẹ̀."

Oko Màmá ò jìn lójú Màmá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀meje ni mo dúró, mo sì ń ka iye ọjọ́ tó kù fún mi bí ẹlẹ́wọ̀n. Màmá gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń lọ níwájú, kò yára, kò sì dúró. Bí mo bá bá a lóko, á ti ro ẹ̀gẹ́ dé ìdajì ebè. Kò bú mi rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé òun lè ṣe nǹkan àfi tí wọ́n bá ní kó ṣe é. A máa ń já tẹ̀tẹ̀ àti ebòlò bọ̀, èmi náà á sè é fúnra mi, Bàbá Tóbi á sì wo òkèlè inú abọ́ mi, á ní ṣé àlejò kékeré kan ni wọ́n bù ú fún. Ṣùgbọ́n òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín tirẹ̀ kù, kò kàn fẹ́ kí n sọ ọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Rachael dara pọ̀ mọ́ wa; ó tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ibi tó ga, ó ń mí ju èmi lọ. Inú mi dùn sí i, mi ò ní parọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti dẹ́kun bíbínú sí i, a jọ ń sọ̀rọ̀ ọmọ, a jọ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kọrin tí kò dùn-ún gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo rìn láti ilé Màmá dé oko láìdúró. Orí kò fọ́ mi mọ́, oorun mi dùn, ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Nígbà tí mo gun ìwọ̀n, kílò mẹ́rin péré ló lọ. Kóòṣì Adébùsọ́lá tún kọ̀wé sí mi pé òun ní ti ọjọ́ mẹ́rìnlá báyìí, tó tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pa á rẹ́ lórí fóònù, mo lọ bọ ẹ̀fọ́.

Ọjọ́ àjọ̀dún dé, oòrùn sì ràn láti àárọ̀. Rachael ló bá mi so okùn àsíá mọ́ èjìká. Ẹgbẹ́ akọrin gbé orin, mo sì ṣíwájú. Mo gba kọ́nà àkọ́kọ́ kọjá. Mo dé ibi tí mo ti dúró lọ́dún tó kọjá, mo kọjá. Mo dé èkejì, mo kọjá. Mo gbọ́ tí àwọn ìyá ń fi orin gbé mi lẹ́yìn, ohùn wọn ń ga sí i. Èémí mi pé. Ayọ̀ tó wà ní àyà mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ mọ́.

Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Màmá Elizabeth ń bá mi rìn, ó wọ aṣọ òkè tó wúwo, ó fi ọwọ́ lé àyà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìrìn oko lójú ìrì kọ́ nìyí, nínú oòrùn ni. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tèmi ni lọ́dún tó kọjá. Mo sì mọ Màmá. Bí mo bá ní kó sinmi níwájú gbogbo ìjọ, kò ní gbà, á rìn títí á fi ṣubú.

Mo dúró. Mo ti ìdí ọ̀pá àsíá bọ ilẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀."

Gbogbo èrò dúró. Ẹgbẹ́ akọrin padà sí ẹsẹ kìn-ín-ní. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn tó ní, "Ó tún ti rẹ̀ ẹ́ o. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀." Rachael wò mí, ó wo Màmá, ó sì gbé orin sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá gbára lé apá mi. Ó wúwo díẹ̀. "Fúnkẹ́," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "o ò tíì rìn tó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," mo ní, mo sì dúró síbẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi balẹ̀.